Fìlà Pupa Bàbá Olóbì Ìfọ́n

Àwọ̀ pupa kan wà tí mo tẹ̀ sára bébà ní Ìlobù nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ó pupa débi pé oyin ṣí kúrò nínú igbó Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n fò kọjá lórí ilé wa, wọ́n bà lé bébà náà níbi tí mo sá a sí, wọ́n sì ṣe afárá síbẹ̀. Oyin rẹ̀ la fi ń jẹ búrẹ́dì títí ọdún fi yí po. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn oyin.

Kí ìwé ọ̀fẹ́ tó dé ni mo ti kúrò nílé ìwé. Kíláàsì kejì ni mo kà dé. Mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà bí ẹ bá rò ó pọ̀ dáadáa, kíláàsì kẹrin ni mo dé. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú jáde níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ wa máa ń ṣe bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń sún mọ́. Yóò mú pákó kan, yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán àgbàdo sí i, yóò kun ọ̀dà sí i lójú, yóò gbé bébà lé e, yóò sì máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ra bébà náà mọ́ ọn títí àwòrán yóò fi wọ ara bébà.

Ìyẹn kò tíì jẹ́ nǹkan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé pákó kan náà ló ń lò fún gbogbo àwọ̀. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, bí ìyeyè, ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ kó jẹ́ ìyeyè títí ayé, yóò gbẹ́ ibẹ̀ dànù lára pákó, kí àwọ̀ mìíràn má lè kàn án mọ́. Yóò wá tẹ pupa lé ìyókù. Ibi tó bá fẹ́ kó wà ní pupa, ìyẹn náà yóò kúrò lára pákó. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bá a bọ̀ títí dé àwọ̀ tó dúdú jù, tí pákó yóò fi ku egungun. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń jẹ èèbù rẹ̀. Inú ń yó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò gbìn mọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì níbi pupa, o kò lè padà sídìí ìyeyè, nítorí ìyeyè ti di èérún igi nílẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò fi nǹkan kan kún mi títí mo fi di ọmọ iṣẹ́ káfíńtà, tí mo sì rí ọmọbìnrin kan tó wù mí ní Ìfọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló ń ta obì gbànja. Ó máa ń di obì sínú agbọ̀n, ó máa ń fi lọ́rì kó o lọ sí Òkè Ọya, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Bàbá Olóbì. Nígbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Wàá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ, ẹ ó lọ sí oko bàbá ọmọ, ẹ ó sì máa kọ ebè títí ẹ̀yìn yín yóò fi tẹ̀ bí dòjé. Èmi àti ọkọ́ kò ṣọ̀rẹ́ rí. Iṣu tí wọ́n bá gbìn sínú ebè tí mo kọ, ṣe ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé onílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni pé géńdé kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà ń fẹ́ ọmọ yìí. Àyà ọkùnrin náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọ ebè débi pé ẹyẹ kò rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bà lé mọ́.

Mo wọlé tọ Bàbá Olóbì lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá.”

“Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìwọ ni káfíńtà Ìlobù?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ará Ẹ̀rìn ti wá kọ ebè. Tìrẹ ńkọ́?”

Fọ́tò rẹ̀ kan tó wà lára ògiri ni mo ń wò. Onífọ́tò Òṣogbo ló yà á. Ó jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ó sì fa ojú ro bí ẹni tí ikún ń jẹ lẹ́pà.

“Bàbá,” mo ní, “fìlà yín nínú fọ́tò yìí dúdú.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ìwọ náà rí i. Fìlà pupa ni. Ọwọ́ ẹni tó ti Mẹ́kà dé ni mo ti rà á. Onífọ́tò sọ ọ́ di dúdú, ó wá dà bí ohun tí mo yá lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.”

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti bọ́ sọ́nà. Mo sọ fún un pé èmi lè tẹ àwòrán rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́rin. Fìlà yóò pupa, agbádá yóò ní àwọ̀ aró, ara rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ ara èèyàn.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìjọba ni, Bàbá.”

“Obì ńkọ́? Ṣé obì lè wà níbẹ̀?”

“Obì pupa. Ẹ ó na ọwọ́, ẹ ó máa fi lọ àlejò.”

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wò ó, ó tún dé e. “Iléyá ń bọ̀,” ó ní. “Bí o bá gbé àwòrán náà dé kí ọdún tó pé, tí fìlà mi sì pupa níbẹ̀, ọmọ di tìrẹ. Bí kò bá pupa, má ṣe gba ojúde mi kọjá mọ́. Ará Ẹ̀rìn ni n ó fi í fún.”

Bí mo ṣe ń jáde ni ọmọ náà pàdé mi lẹ́yìn ilé, ó ru korobá omi. Kò sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́?”

“Bí mo ṣe mọ ojú ara mi.”

“Èmi kò fẹ́ ará Ẹ̀rìn yẹn. Bó bá jẹun tán, àwo pàápàá máa ń bẹ̀rù. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí.”

Ó bá tirẹ̀ lọ. Omi kán sí mi lẹ́sẹ̀, n kò sì nù ún.

Ọ̀gá mi fún mi ní pákó igi ọmọ̀ kan, nítorí igi ọmọ̀ rọ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nídìí ilẹ̀kùn tí a kùn ni mo kó jọ, mo fi kẹrosíìnì là á. Mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé ìgò kan, òun ni mo ń yí lórí pákó kí ọ̀dà lè tẹ́ dọ́gba. Mo kan ìṣó méjì sí igun pákó, kí bébà lè máa jókòó síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, kí fìlà má baà bọ́ sí èjìká. Lábẹ́ ahéré tí ìyá mi ń sá ẹ̀gẹ́ sí ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo ya Bàbá Olóbì sára pákó bí ẹni tó kọjú sí wa. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, obì sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo tẹ ìyeyè sára gbogbo bébà tí mo rà ní Òṣogbo, nítorí bí pákó bá ti kọjá àwọ̀ kan, bébà tuntun kò lè bá a mọ́. Adìyẹ kan gba orí ọ̀kan kọjá, ó sì gbé ẹsẹ̀ ìyeyè rìn dé ọjà. Atẹ́gùn gbé òmíràn, ewúrẹ́ sì parí iṣẹ́ atẹ́gùn. Mo gbẹ́ ibi ìyeyè dànù, mo tẹ pupa. Ẹ ti gbọ́ nípa oyin. Mo gbẹ́ ibi fìlà àti ibi obì dànù kí wọ́n lè máa jẹ́ pupa lọ. Mo wá po pupa mọ́ dúdú títí ó fi rí bí àwọ̀ ara èèyàn, mo tẹ ìyẹn náà. Nígbà tí mo ṣí bébà, Bàbá Olóbì ló jókòó níwájú mi. Ó ku àwọ̀ aró nìkan.

Ìyá mi ti oko dé, ó sọ igbá kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

“Ó jọ ọ́ o,” ó ní. “Imú rẹ̀ gan-an nìyí.”

Orí mi wú. Ó tún wò ó.

“Kí ló wá dé tó fi ń fi ọwọ́ òsì lọ èèyàn lóbì?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, ọ̀tún ni.” Mo gbé pákó fún un kó wò ó. Lára pákó, ọ̀tún ni. Mo wo bébà. Òsì ni.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Pákó àti bébà dojú kọ ara wọn bí ẹni méjì tó ń kí ara wọn ni. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún ọ̀kan, apá òsì ìkejì ló máa bọ́ sí. Àgbàdo tí tíṣà wa ń gbẹ́ kò lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí í bi àgbàdo ní ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí ojú mi kò fi là sí i. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọn yóò gbá a lọ́wọ́ kó tó gbà á tán. Bàbá yìí jẹ́ Mùsùlùmí tí òsì rẹ̀ kì í dé ẹ̀bá àwo oúnjẹ. Èmi ni mo wá fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ ara rẹ̀ pé kó máa fi òsì lọ àlejò Iléyá lóbì.

“Tún un ṣe,” ìyá mi ní.

“Kò ṣe é tún ṣe. Ibi ìyeyè àti ibi pupa ti kúrò lára pákó.”

“Ṣa èérún rẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ padà.”

“Èérún náà dà?”

Ó bojú wo ẹ̀yìn àdògán. “Òun ni mo fi sun iṣu àná.”

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé a ti fi epo jẹ fìlà Bàbá Olóbì.

Mo ní kí n fi ìyẹ́ adìyẹ kun ọwọ́ ọ̀tún tuntun sí i. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára bébà kan tó ti bàjẹ́. Ìyá mi wò ó, ó ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ta ni ẹran náà jẹ́ sí bàbá yìí? Mo fi ìyẹ́ sílẹ̀.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, aró. Mo jókòó tì í títí. Ibi ọwọ́ yẹ kí n gbẹ́ dànù kí àwọ̀ ara lè yọ. Mo pinnu pé n kò ní gbẹ́ ẹ. N ó jẹ́ kí aró bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, kó dà bíi pé apá agbádá ló gùn kọjá ọmọ ìka. Ẹni tí kò bá rí ọwọ́ kò lè pè é ní òsì. Mo tẹ̀ ẹ́. Agbádá bo ọwọ́ lóòótọ́, ó bò ó pátápátá. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé obì. Ibi obì ti kúrò lára pákó láti ìgbà pupa, aró kò lè kàn án. Obì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó pupa roro, ó dúró sínú afẹ́fẹ́ níwájú aṣọ, kò sí ẹni tó mú un.

Ìyá mi mi orí. “Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò fi òsì mú un mọ́.”

“Kò fi nǹkan kan mú un, Ìyá mi.”

Nínú gbogbo bébà, ẹyọ kan ló yè. Mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe férémù fún un, mo sì gbé e lọ sí Ìfọ́n nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Àgbò ń ké ní gbogbo ojúde. Bí mo ṣe ń rìn, mo ń rò ó pé bóyá kí n gba inú igbó yà, kí n máa lọ sí Òṣogbo, kí n má sì padà.

Pálọ̀ kún. Bàbá Olóbì wà lórí àga. Ìyá rẹ̀, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ́rẹ́, jókòó sórí ẹní. Ààfáà àdúgbò wà níbẹ̀. Ará Ẹ̀rìn náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, n kò sì mọ èwo ni ilẹ̀kùn nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí ògiri tó kọjú sí dígí gíga kan tí bàbá fi ń wọṣọ láràárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

Bàbá Olóbì sún mọ́ ọn. Ó na ìka, ó fi kan fìlà inú àwòrán, ó wo ìka rẹ̀ bóyá pupa náà ń ṣí.

“Ó pupa,” ó ní jẹ́jẹ́. “Ó pupa ju èyí tó wà lórí mi lọ.”

Ará Ẹ̀rìn na ọrùn. “Bàbá, obì yín ń fò.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Arúgbó dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó lọ fi ojú kan àwòrán.

“Obì wà lápá òsì,” ó ní. “Òsì ni ọmọ mi fi ń fúnni?”

Ẹ̀rín dá.

Bàbá Olóbì kò bínú. Ó mú obì kan nínú àwo, ó di í mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó na ọwọ́ náà síwájú dígí. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó yí ọrùn wo àwòrán, ó tún padà wo dígí. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni obì wà nínú méjèèjì.

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ó ní. “Ojú yín ló ṣì í. Bí mo ṣe ń rí láràárọ̀ gẹ́lẹ́ nìyí.”

“Nínú dígí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni mo ti ń wò ọ́ láìlo dígí. Mo mọ ọ̀tún rẹ.”

“Ìyá, ta ló mọ ojú mi tó èmi?”

“Ẹni tó nù ún fún ọ.”

Ààfáà wúkọ́, ó ní kí wọ́n fi sùúrù sí i. Bàbá Olóbì kọjú sí mi nílẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ti tán,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dà? Ilé wa ni wọ́n ti ń fúnni. Bí àlejò bá rí i pé n kò lọ́wọ́, kí ni wọn yóò pè mí?”

“Ahun,” ará Ẹ̀rìn ní, bí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́.

Mo gbé orí sókè. Mo ní, “Bàbá, sàráà ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹni tó ń fúnni nítorí Ọlọ́run kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òun. Obì nìkan ni àlejò máa ń rí.”

Ààfáà mi orí sókè sódò, ó ní òótọ́ ni, ó ní bí sàráà ṣe dára jù nìyẹn. Bàbá Olóbì padà wo àwòrán, mo sì rí i bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń nà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Arúgbó kò tíì gbà. “Ọwọ́ wo ló wá fi pamọ́?”

“Ìyá,” bàbá ní, “bó bá jẹ́ ìkọ̀kọ̀, ta ló gbọ́dọ̀ mọ̀?”

Arúgbó padà lọ jókòó sórí ẹní. Mo rí i pé ó ń fi ìborùn bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ikọ́ ni, n kò béèrè.

Bàbá Olóbì ní, “Fìlà pupa ni mo ní kó pupa, ó sì pupa. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Ọmọ di tìrẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tí o fi pamọ́ sínú aṣọ yìí, o ó fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀ fún mi lóko. Bí ọdún bá ti kọjá, kí n rí ọ nídìí ebè.”

Ará Ẹ̀rìn dìde, ó na ara rẹ̀. Mo rò pé yóò lù mí. Ó ní, “Ọkọ́ mi wà lẹ́yìn ilé. Mo yá ọ. Má fi àwọ̀ kùn ún.”

Mo kọ ebè nígbà yẹn. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó tún bó, ó wá le bí awọ. Iṣu tó wà nínú ebè mi kò bẹ̀bẹ̀ rárá, ó ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tóbi. Ará Ẹ̀rìn máa ń gba ibẹ̀ kọjá, yóò dúró, yóò ka ebè mi, yóò sì sọ fún mi pé nínú oko tiwọn, ibi tí adìyẹ ti ń yé ẹyin ni wọ́n ń pe irú èyí. Nígbà tí a parí ìgbéyàwó, òun ló jó jù.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mo hùmọ̀ fúnra mi, n ó sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ sàráà ìkọ̀kọ̀ yẹn, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Nígbà tí bàbá béèrè ọwọ́ rẹ̀, n kò gbé orí kankan sókè. Ojú mi wà ní ilẹ̀, n kò rí gbólóhùn kan mú. Ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé àwo omi tí wọ́n ní kó gbé fún àlejò, ó sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ ti jinná. Ohun tí èmi sọ kò ju “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá” lọ.